Mọ́nítọ̀ Tí Kò Ní Ṣì Wá Lọ́nà: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Yíyan Ojú Kọ̀ǹpútà fún Iṣẹ́ Fídíò àti Iṣẹ́ Àwọ̀

Ẹ̀yin olóòtú fídíò, ẹ̀yin tí ẹ ń fi iṣẹ́ àwọ̀ jẹun, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ náà, mo kí gbogbo yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ yọ̀ǹda àkókò yín láti gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀ ni a fẹ́ sọ. Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè lórí rẹ̀ ni pé èwo ló dára jù lọ. Mo rọ̀ yín pé kí a fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a kọ́kọ́ wo ohun tí mọ́nítọ̀ ń ṣe fún olóòtú gan-an, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi nǹkan ṣe, èyí tí ó bá dán jù lójú rẹ̀ ni yóò rà.

Ẹni tí ń wo fíìmù fún ìgbádùn ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ kí àwòrán dùn ún wò. Olóòtú kò gbọ́dọ̀ béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mọ́nítọ̀ tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni ó ń wá níbẹ̀. Òṣùwọ̀n ni mọ́nítọ̀ jẹ́ fún un, bí òṣùwọ̀n ọlọ́jà bá sì ti fì sí apá kan, kò sí ohun tí ó fi wọ̀n tí ìwọ̀n rẹ̀ yóò pé, bí ọwọ́ ọlọ́jà náà ti wù kí ó mọ́ tó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi ni pé àṣìṣe mọ́nítọ̀ kì í dúró sórí mọ́nítọ̀. Ó máa ń wọ inú iṣẹ́, ìdàkejì rẹ̀ ni ó sì máa ń di nígbà tí ó bá wọlé. Bí ojú mọ́nítọ̀ bá fà sí búlúù díẹ̀, olóòtú yóò rò pé ojú òṣèré ti tutù jù, yóò sì máa fi pupa àti yẹ́lò kún un títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí fáìlì yẹn bá dé orí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, pupa àti yẹ́lò tí ó fi kún un ni àwọn òǹwòran yóò rí, nítorí pé búlúù tí ó ń bá jà kò sí nínú fáìlì rárá, orí ẹ̀rọ tirẹ̀ nìkan ni ó wà. Bákan náà ni ti ìmọ́lẹ̀: ẹni tí mọ́nítọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù yóò fi àwòrán tí ó ṣókùnkùn ránṣẹ́. Ẹni tí mọ́nítọ̀ rẹ̀ ń fi àwọ̀ kún àwọ̀ yóò dín àwọ̀ kù, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì rí bí aṣọ tí ó ti ṣá lójú àwọn tí ó ṣe é fún.

Ojú wa kò lè gbà wá nínú èyí. Ojú ènìyàn máa ń bá ìmọ́lẹ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀ mọ́ra, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọpọlọ yóò sì ti gba funfun tí ó fà sí búlúù gẹ́gẹ́ bí funfun gidi. Ìdí nìyí tí olóòtú tí ó mọṣẹ́ dáadáa, tí ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, fi lè jókòó sídìí mọ́nítọ̀ tí ń ṣì í lọ́nà láti àárọ̀ di alẹ́ láìfura.

Bí a bá wá sọ pé òótọ́ ni à ń wá, òótọ́ ta ni? Ìpinnu tí àwọn onímọ̀ jọ ṣe ni, ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì pẹ́. Ní ọdún 1931 ni CIE, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀, ti fi àwòrán kan lélẹ̀ tí ó fi gbogbo àwọ̀ tí ojú ènìyàn lè rí hàn ní nọ́ńbà, orí àwòrán yẹn ni a sì ti ń ya onígun mẹ́ta tí ń sọ ibi tí àwọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ. Fún tẹlifíṣọ̀n, ìlànà BT.709 tí ITU, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1990, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Rec.709, ni a ṣì ń lò jù lọ. Fún kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì, HP àti Microsoft dábàá sRGB ní 1996, ó sì di ìlànà àgbáyé ní 1999. Onígun mẹ́ta kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, funfun kan náà ni wọ́n sì ní, funfun bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, èyí tí à ń pè ní D65. Sinimá ní tirẹ̀, DCI-P3, tí ó fẹ̀ ju ìyẹn lọ, pàápàá níhà pupa àti àwọ̀ ewé. Rec.2020, tí ó jáde ní 2012, fẹ̀ débi pé àwọ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ìmọ́lẹ̀ onígbì kan ṣoṣo, mọ́nítọ̀ tí a sì ń lò lórí tábìlì kì í lè gbé gbogbo rẹ̀ jáde.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo mọ́nítọ̀ kankan, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí: níbo ni iṣẹ́ mi ń lọ? Bí ó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣọ̀n lásán ni, mọ́nítọ̀ tí ó gbé gbogbo sRGB tàbí Rec.709 jáde, tí ó sì gbé e jáde bí ó ti yẹ, ti tó yín. Bí ó bá jẹ́ sinimá, tàbí fídíò HDR, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè lọ sókè ju ti fídíò lásán lọ, tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, ẹ nílò èyí tí ó gbé ó kéré tán ìdá 95 nínú 100 P3 jáde. Adobe RGB, tí ẹ óò rí lára ọ̀pọ̀ páálí, wà fún àwọn tí ń ya fọ́tò tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kò sì yẹ kí olóòtú fídíò tìtorí rẹ̀ náwó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí nọ́ńbà ìdá ọgọ́rùn-ún wọ̀nyí, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ọ̀pọ̀ ènìyàn mú. Bí páálí bá sọ pé "125% sRGB", ohun tí ó ń sọ ni pé onígun mẹ́ta mọ́nítọ̀ náà tóbi ju ti sRGB lọ. Kò sọ pé ó bo sRGB tán. Ó lè yọ síta níhà pupa kí ó sì kù díẹ̀ káàtó níhà búlúù. Gbólóhùn tí ó yẹ kí ẹ wá ni èyí tí ó sọ iye tí ó bò nínú ìlànà náà, kì í ṣe bí ó ti tóbi tó. Àwọn mìíràn a kọ "72% NTSC", ìyẹn sì ni ìdá kan nínú onígun mẹ́ta tẹlifíṣọ̀n ti 1953 tí kò sí ẹni tí ń fi ṣiṣẹ́ mọ́. Títóbi rẹ̀ tó ti sRGB ní ìṣirò, ṣùgbọ́n ibi tí ó wà lórí àwòrán lè yàtọ̀. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n bá kọ "45% NTSC" sí lára kò yẹ fún iṣẹ́ àwọ̀ rárá, nítorí pé pupa àti àwọ̀ ewé púpọ̀ tí ó wà nínú fáìlì kò lè hàn lórí rẹ̀.

Fífẹ̀ àwọ̀ pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀. Mọ́nítọ̀ tí ó fẹ̀ dé P3, bí kò bá sí ohun tí ń darí àwọ̀ rẹ̀, yóò na fídíò sRGB títí yóò fi kún onígun mẹ́ta tirẹ̀, pupa yóò sì máa jó bí iná. Olóòtú yóò dín in kù, ìyókù ìtàn náà sì ti yé yín. Ẹni tí ó bá ra mọ́nítọ̀ fífẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i pé ó ní ìṣètò sRGB tàbí Rec.709 nínú, kí ó sì máa lò ó nígbà tí iṣẹ́ bá jẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì. Lójú tèmi, mọ́nítọ̀ kékeré tí kò kọjá sRGB ṣùgbọ́n tí a ti wọ̀n dáadáa sàn fún iṣẹ́ ju mọ́nítọ̀ fífẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n rí.

Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ló kàn. Nit ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Fídíò lásán, èyí tí kì í ṣe HDR, ni a ń ṣe pẹ̀lú èrò pé funfun rẹ̀ tí ó mọ́lẹ̀ jù jẹ́ nit 100 nínú yàrá tí iná rẹ̀ rẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ tuntun ni ó jẹ́ pé nit 250 tàbí 350 ni wọ́n ti ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹni tí kò bá dín in kù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sínú òkùnkùn láti ọjọ́ kìíní. Ìlànà tún wà fún bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gùn láti dúdú dé funfun, tí à ń pè ní gamma: BT.1886 ti 2011 lo 2.4 fún tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, nígbà tí kọ̀ǹpútà àti fóònù sábà máa ń wà nítòsí 2.2. Nọ́ńbà méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n inú òjìji ni ìyàtọ̀ wọn ti máa ń hàn, inú òjìji sì ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ òjìji. Àwọ̀ ara àwa ènìyàn dúdú jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ìmọ́lẹ̀ nínú àwòrán, pàápàá nígbà tí a bá ya àwòrán náà lálẹ́ tàbí nínú ilé. Gbogbo ẹwà rẹ̀, dídán iwájú orí, pupa díẹ̀ tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìyàtọ̀ láàárín àgbọ̀n àti ọrùn, wà láàárín ìpele díẹ̀ tí kò jìnnà sí dúdú. Mọ́nítọ̀ tí ó gbé ìpele wọ̀nyí mì yóò fi ojú kan tí kò ní ìrísí hàn yín, ẹ óò sì gbé ìmọ́lẹ̀ sókè títí ojú náà yóò fi funfun bí eérú lórí ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ dán mọ́nítọ̀ wò, ẹ má fi àwòrán òdòdó aláwọ̀ mèremère tí àwọn tí ń tà á fi sí i dán an wò. Ẹ mú àwòrán ènìyàn dúdú nínú iná tí ó rẹlẹ̀ lọ, kí ẹ wò ó bóyá etí àti irun rẹ̀ ṣì yàtọ̀ sí ara wọn.

Bí òkùnkùn ṣe jinlẹ̀ tó wà lọ́wọ́ irú ojú tí mọ́nítọ̀ ní: IPS, VA, TN àti OLED ni orúkọ àwọn irú náà. IPS ni ọ̀pọ̀ olóòtú ń lò, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà púpọ̀ bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n dúdú rẹ̀ kò dúdú tó: funfun rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 1000 dúdú rẹ̀, igun rẹ̀ sì lè máa tàn díẹ̀ nínú òkùnkùn. VA lè dé ìlọ́po 3000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ máa ń yí padà bí orí yín bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ìyẹn sì léwu fún iṣẹ́ wa. TN kò yẹ kí a mẹ́nu kàn án. OLED ni dúdú rẹ̀ jẹ́ dúdú gidi, nítorí pé pixel kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn àmì tóótòòtó tí ó para pọ̀ di àwòrán, ló ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, ó sì lè kú pátápátá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ bí funfun bá gba ibi púpọ̀ lójú rẹ̀, àti pé ohun tí ó bá dúró lójú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́, bí àwọn bọ́tìnì sọ́fítíwia tí a fi ń tò fídíò, lè fi àpá sílẹ̀ lórí rẹ̀. Bí a bá ní kí n yan ọ̀kan fún ẹni tí ó ní mọ́nítọ̀ kan péré, IPS tí ó dára ni màá yàn fún un.

Lórí bit, tí ó ń sọ iye ìpele tí àwọ̀ lè ní, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Bit 8 fún wa ní ìpele 256 fún àwọ̀ ìpìlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bit 10 fún wa ní 1024. Ibi tí ẹ óò ti rí ìyàtọ̀ ni ojú ọ̀run tí ó rọra ń yí láti búlúù sí funfun, tí bit 8 lè fi ìlà sí lára. Mọ́nítọ̀ tí ó jẹ́ bit 8 tí ń yára pààrọ̀ ìpele méjì kí ó lè dà bí bit 10, èyí tí wọ́n ń pè ní FRC, kò burú, ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín.

HDR ni àríyànjiyàn pọ̀ sí jù lọ. Ìlànà HDR tí à ń pè ní PQ, tí SMPTE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sinimá àti tẹlifíṣọ̀n, gbé jáde ní 2014, lè ka ìmọ́lẹ̀ dé nit 10,000, BBC àti NHK ti Japan sì jọ ṣe ìlànà mìíràn, HLG, a sì kó méjèèjì sínú ìlànà BT.2100 ti ITU ní 2016. Nit 1000 ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ HDR ń lò gẹ́gẹ́ bí òkè rẹ̀. Ẹ wá wo àmì DisplayHDR 400 tí VESA, ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìlànà fún ojú kọ̀ǹpútà, dá sílẹ̀ ní 2017: òkè rẹ̀ jẹ́ nit 400, kò sì béèrè pé kí iná ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ pín sí apá púpọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dá dín kù. Mọ́nítọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba fídíò HDR wọlé, ṣùgbọ́n kò lè fi í hàn bí ó ti rí, n kò sì rí ìdí tí olóòtú fi yẹ kí ó sanwó kún owó nítorí àmì yẹn. Mọ́nítọ̀ mini-LED, tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí ọ̀pọ̀ apá kéékèèké, dé ibẹ̀ ní ti ìmọ́lẹ̀, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ máa ń tú sí àyíká ohun funfun tí ó wà láàárín òkùnkùn, nítorí pé apá iná rẹ̀ kò kéré tó pixel. Ẹni tí kò sí oníbàárà tí ń béèrè HDR lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi í sílẹ̀ ná, kí ó fi owó rẹ̀ ra ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí.

Ohun náà ni ẹ̀rọ tí a fi ń wọn àwọ̀, irú èyí tí Calibrite àti Datacolor ń ṣe, tí a máa ń gbé kọ́ ojú mọ́nítọ̀ kí ó lè ka ìmọ́lẹ̀ tí ń jáde níbẹ̀. Kò sí mọ́nítọ̀ tí kò ní ṣáko lọ bí ó bá ti ń dàgbà. Ìwé tí wọ́n fi sínú páálí láti ilé iṣẹ́ wúlò fún ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, ẹ sì kà á dáadáa: nọ́ńbà Delta E tí ó wà nínú rẹ̀ ń sọ bí àwọ̀ ṣe jìnnà sí òótọ́ tó, ohun tí kò bá tó 2 sì dára, ṣùgbọ́n àròpín ni wọ́n sábà máa ń kọ. Àròpín 1.5 lè bo àwọ̀ kan tí ó jẹ́ 5 mọ́lẹ̀, bí àwọ̀ náà bá sì súnmọ́ àwọ̀ ara ènìyàn, ẹ wà nínú wàhálà. Ẹ wá nọ́ńbà tí ó burú jù lọ lórí ìwé náà.

Bí ẹ̀rọ ìwọ̀n bá ti ka mọ́nítọ̀ tán, ibi méjì ni a lè tọ́jú àtúnṣe rẹ̀ sí. Èkíní ni fáìlì ICC nínú kọ̀ǹpútà, tí ń sọ fún sọ́fítíwia bí mọ́nítọ̀ ṣe ń gbé àwọ̀ jáde. Sọ́fítíwia fọ́tò máa ń tẹ̀ lé e dáadáa, àmọ́ àwọn sọ́fítíwia fídíò kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀: òmíràn ń tẹ̀ lé e, òmíràn kò náání rẹ̀. Èkejì ni inú mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀, nínú tábìlì nọ́ńbà tí à ń pè ní 3D LUT, níbi tí àtúnṣe náà ti ń ṣiṣẹ́ fún ohunkóhun tí ó bá wọlé láti ibikíbi. Fún iṣẹ́ fídíò, èkejì yìí ni mo fi gbogbo ọkàn mi gbà. Mọ́nítọ̀ tí ó ní ààyè fún un kì í ṣe gbogbo wọn, Eizo sì ń fi ẹ̀rọ ìwọ̀n sínú mọ́nítọ̀ CG rẹ̀ gan-an tí yóò máa wọn ara rẹ̀. Ohun kan tí àwọn ènìyàn sábà máa ń gbójú fò ni pé ẹ̀rọ ìwọ̀n tí ń fi asẹ́ ya àwọ̀ sọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ mọ irú iná tí ó ń kà. Ẹ sọ fún sọ́fítíwia rẹ̀ bóyá LED funfun, LED fífẹ̀ tàbí OLED ni, kí ẹ sì jẹ́ kí mọ́nítọ̀ ti wà ní títàn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Yàrá jẹ́ ìdajì mọ́nítọ̀. Oòrùn tí ń wọlé láti fèrèsé ń yí àwọ̀ padà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó sì ń bo òjìji mọ́lẹ̀ lójú mọ́nítọ̀. Ẹ fi aṣọ bo fèrèsé, ẹ kun ògiri tí ó wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀ ní àwọ̀ eérú tí kò fà sí ibì kankan, kí ẹ sì fi iná kékeré aláwọ̀ D65 sẹ́yìn rẹ̀ kí ojú yín lè sinmi. Ẹ pa gbogbo ìṣètò tí ń mú kí ojú kọ̀ǹpútà yí sí yẹ́lò ní alẹ́, àti èyí tí ń tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ yàrá. Wọ́n dára fún ẹni tí ń kàwé, wọn kò dára fún wa.

Títóbi àti iye pixel kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó gba oorun lójú yín. Mọ́nítọ̀ íǹṣì 27 tí ó jẹ́ 4K ní pixel 163 nínú íǹṣì kan, ó sì jẹ́ kí ẹ wo fídíò 4K ní pixel sí pixel. 1440p ní ìwọ̀n kan náà ní 109, ó sì tó fún títò fídíò. N kò fẹ́ mọ́nítọ̀ tí ó tẹ̀ kọdọrọ fún iṣẹ́ àwọ̀. Ní ti wáyà, ẹ rántí pé HDMI 2.0 kò lè gbé 4K ní 60 hertz, ìyẹn ìgbà 60 tí ojú mọ́nítọ̀ ń yí àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pẹ̀lú bit 10 àti àwọ̀ tí a kò dín kù, DisplayPort 1.4 sì lè gbé e. Ẹ tún rí i pé kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ jọ gbà lórí ibi tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀: bí ọ̀kan bá ń ka dúdú sí 16 tí èkejì sì ń kà á sí 0, òjìji yóò bàjẹ́, ẹ óò sì máa dá mọ́nítọ̀ lẹ́bi lásán.

Fún àwọn tí iṣẹ́ wọn ń lọ sí tẹlifíṣọ̀n tàbí sinimá, ó dára kí àwòrán má gba inú káàdì kọ̀ǹpútà lásán kọjá rárá. Ẹ̀rọ bíi DeckLink ti Blackmagic, tàbí èyí tí AJA ń ṣe, máa ń gbé àwòrán jáde tààrà láti inú sọ́fítíwia sí mọ́nítọ̀, láìjẹ́ kí kọ̀ǹpútà fọwọ́ kan àwọ̀ rẹ̀. Ó tún máa ń gbé fídíò tí ó ní fúrémù 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan jáde ní 24, nígbà tí mọ́nítọ̀ 60 hertz máa ń fi fúrémù kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, kí ó fi èyí tí ó tẹ̀ lé e hàn lẹ́ẹ̀mẹta, tí ìrìn àwòrán kò fi ní dọ́gba.

Bí ẹ bá ní mọ́nítọ̀ méjì, ẹ má ṣe fi ọjọ́ yín ṣòfò lórí mímú wọn jọra tán. OLED àti IPS tí ẹ̀rọ ìwọ̀n sọ pé funfun wọn dọ́gba lè yàtọ̀ lójú ènìyàn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ṣe funfun náà kò pín bákan náà. Ẹ yan ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, kí èkejì máa gbé bọ́tìnì àti àwọn fáìlì.

Lọ́jọ́ tí mọ́nítọ̀ tuntun bá dé, kí àkókò tí ẹ lè dá a padà tó kọjá, ẹ fi àwọ̀ eérú kan ṣoṣo kún ojú rẹ̀ láti igun dé igun, kí ẹ sì wò ó bóyá apá kan fà sí pupa tàbí apá kan ṣókùnkùn ju èkejì lọ. Ẹ fi dúdú kún un nínú òkùnkùn, kí ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi funfun àti àwọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún un lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá pixel tí ó ti kú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì tún un wọ̀n lóṣooṣù. Bí ìmọ́lẹ̀ tí ó lè gbé jáde kò bá dé nit 100 mọ́, tàbí bí àtúnṣe kò bá lè dá funfun rẹ̀ padà sí D65 mọ́, ẹ gbé e kúrò nídìí iṣẹ́ àwọ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa gbé bọ́tìnì.